Gìtá Béèsì Onínú Òfìfo nínú Orin Jùjú: Adùn Rẹ̀ àti Iye tí Ó Náni, pẹ̀lú Ìtọ́ka sí Gúúsù Èkìtì

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú pépà yìí ni ìtàn ohun èlò orin kan tí àwọn tí ń kọ̀wé lórí orin jùjú kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ, àfi nígbà tí wọ́n bá ń ka ẹrù ẹgbẹ́ eléré lẹ́sẹẹsẹ. Ohun èlò náà ni gìtá béèsì, pàápàá jù lọ irú èyí tí inú rẹ̀ ṣófo bí inú agbè, tí ó sì ń lo iná mànàmáná. Gìtá olóhùn òkè, ìlù gángan àti ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin ni àwọn onímọ̀ máa ń gbájú mọ́. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ní òde òkú àgbà ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìsẹ̀ rí, tí ó sì fara balẹ̀ wo ìgbà tí àwọn oníjó ń dìde kúrò lórí àga, yóò mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé, bí etí tilẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn òkè.

Ìbéèrè méjì ni a fẹ́ dáhùn. Kí ni ó wà nínú gìtá yìí tí ó fi wu àwọn eléré tó bẹ́ẹ̀? Ta ni ó sì san owó rẹ̀? Èkejì ni ó jẹ wá lógún jù, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kan ọ̀nà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ eléré gbà ń jẹun, kò sì mọ sórí orin nìkan.

Ní ti orúkọ, béèsì ni àwọn eléré ń pe ohun èlò náà, a ó sì pè é bẹ́ẹ̀. Onínú òfìfo ni a ó máa pe èyí tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn bí àpótí. Onínú gbagidi ni èyí tí wọ́n fi igi líle ṣe láìní ihò nínú. Kọ́tà tí a ó máa mẹ́nu bà ni agbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, ní gúúsù ilẹ̀ tí ó di Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996.

Ohùn ìsàlẹ̀ kí gìtá béèsì tó dé

Àṣìṣe ni kí a rò pé gìtá ni ó kọ́ Yorùbá ní ohùn ìsàlẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tí Túndé King ṣe àwo orin ní ọdún 1936, ẹgbẹ́ jùjú kì í sábà ju ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: oní-bánjò tàbí onígìtá kan, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, àti ẹni tí ń lu ìlù pẹlẹbẹ tí a ń pè ní jùjú. Kò sí ẹni tí a yan ohùn ìsàlẹ̀ fún níbẹ̀. Àgídìgbo ni ó wá di àlàfo náà nígbà tí ó yá. Orin kónkómà tí ó ti Gold Coast wá ni ó gbé e kiri ìgboro Èkó ní àwọn ọdún 1940, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ráyè wọ inú ẹgbẹ́ jùjú àti àpàlà.

Ìlù ni òwe wa pe àgídìgbo: bí òwe bí òwe ni à ń lù ú, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àgídìgbo tí a ń sọ yìí kò ní awọ. Àpótí pákó ni, a dá ihò sí ojú rẹ̀, a sì de ahọ́n irin mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ ọn. Ẹni tí ń ta á lè gbé e lé itan tàbí kí ó fi okùn gbé e kọ́ ọrùn. Bí ọwọ́ kan ṣe ń ta ahọ́n irin ni ìka tí ó wọ òrùka ń kan ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ohùn méjì ni ó ń ti ara rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ohùn irin tí ó rẹlẹ̀, àti ohùn igi tí ó gbẹ. Káfíńtà àdúgbò lè kàn án, alágbẹ̀dẹ sì lè rọ ahọ́n rẹ̀. Kókó yìí ṣe pàtàkì, a ó sì tún padà sí i.

Fatai Rolling Dollar, tí a bí ní ọdún 1927 tí ó sì kú ní ọdún 2013, wà lára àwọn tí àgídìgbo kọ́kọ́ gbé jáde, nígbà tí ó wà pẹ̀lú J. O. Araba ní àwọn ọdún 1950. Ní ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, oní-àpàlà Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó kú ní ọdún 1983, kò fi àgídìgbo sílẹ̀ títí ayé rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni ó dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ̀rọ ibẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbàlódé pátápátá. Ẹni tí ó lè dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká gìtá béèsì. Ó yàn án ni.

Bí béèsì onínú òfìfo ṣe dé ayé

Ní ọdún 1951 ni Leo Fender gbé béèsì oníná rẹ̀ jáde ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Onínú gbagidi ni, ó wúwo, okùn rẹ̀ sì gùn tó íńṣì 34. Ìdí tí ó fi ṣe é kò ṣòro láti mọ̀: béèsì onídùùró tí àwọn ẹgbẹ́ ijó ń lò nígbà náà ga ju ènìyàn lọ, kò ṣeé gbé sínú ọkọ̀ bọ̀rọ̀, ariwo fèrè sì ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará Jámánì gbà. Ilé iṣẹ́ tí Karl Höfner dá sílẹ̀ ní Schönbach ní ọdún 1887, ilé iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe fáyólìn ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n lé àwọn ará Jámánì kúrò ní ilẹ̀ náà, Bubenreuth ní agbègbè Bavaria ni àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí tún fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni Walter Höfner ti ṣe béèsì kan ní ọdún 1955, tí wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní Frankfurt ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 500/1. Ìrísí fáyólìn ni ó ní, inú rẹ̀ ṣófo, ó fúyẹ́, okùn rẹ̀ kò sì gùn ju nǹkan bí íńṣì 30 lọ. Ní ọdún 1958 ni Gibson ti Amẹ́ríkà náà gbé EB-2 tirẹ̀ jáde, tí inú òun náà ní àlàfo.

Ohun tí ó sọ 500/1 di gbajúmọ̀ ni pé Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles rà á ní Hamburg ní ọdún 1961. Àlàyé tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ni pé owó ni ó kọ́kọ́ fà á: Fender ń lọ sí nǹkan bí £100, èyí sì jẹ́ nǹkan bí £30. Ìdí kejì ni pé ọwọ́ òsì ni ó ń lò, ìrísí fáyólìn kò sì burẹ́wà bí a bá yí i sódì. (Wọ́n jí gìtá náà gbé ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1972; ní oṣù kejì ọdún 2024 ni ayé gbọ́ pé ó ti padà sọ́wọ́ rẹ̀.) Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, gìtá aláìlówó lọ́wọ́ ni gìtá yìí. Láàárín ọdún 1951 sí 1959, ìjọba Bìrìtìkó kò jẹ́ kí ohun èlò orin Amẹ́ríkà wọlé fàlàlà, ti ilẹ̀ Yúróòpù sì ni ọjà Lọ́ńdọ̀n gbára lé. Nígbà tí ó jẹ́ pé abẹ́ Bìrìtìkó ni Nàìjíríà wà títí di ọdún 1960, tí àwọn ilé ìṣòwò Bìrìtìkó sì ni ó ń kó ọjà wọ Èkó jù, èrò tèmi ni pé ohun tí etí àwọn eléré wa kọ́kọ́ mọ̀ sí béèsì oníná kò lè jìnnà sí ohun tí ó wà ní àtẹ Lọ́ńdọ̀n.

Adùn rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti ń fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá jáde nínú orin jùjú. Láti ìgbà náà ni ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí gìtá bá ti pariwo, ìlù yóò fẹ́ pọ̀ sí i. Bí ìlù bá sì ti pọ̀, àgídìgbo kò ní gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964, Sunny Adé sì dá Green Spots sílẹ̀ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi wọlé, béèsì oníná ti jókòó sí àyè àgídìgbo nínú ẹgbẹ́ jùjú ńláńlá.

Kí ni ó mú kí àyè náà gbà á láìsí ìjà? Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni ọ̀làjú. Èmi kò gba ìyẹn wọlé. Bí a bá gbé béèsì onínú òfìfo sí ẹ̀gbẹ́ àgídìgbo, a ó rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Àpótí ni àwọn méjèèjì. Afẹ́fẹ́ inú àpótí ni ó ń fún àwọn méjèèjì ní ara. Òòfà onírin tí a wé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, tí a sì fi sí abẹ́ okùn béèsì, ni ó ń gbọ́ ohùn okùn, ṣùgbọ́n bí pákó ojú gìtá bá ṣe ń gbọ̀n ni okùn náà yóò ṣe gbọ̀n. Nítorí náà ohùn rẹ̀ máa ń jáde kíkún, á dún “dùm”, á sì tètè kú. Ti onínú gbagidi kì í tètè kú. Ó lè máa fà lọ bí ẹni ń fa okùn ọkọ̀.

Ikú kíákíá yìí ni mo kà sí adùn tí ó jinlẹ̀ jù. Ìdí ni pé nínú jùjú, gángan ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó sì fi ń sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí èdè wa fúnra rẹ̀. Bí béèsì bá ń dún lọ láìdáwọ́ dúró, yóò bo ohùn ìsàlẹ̀ gángan, ẹni tí a ń kì kò sì ní gbọ́ oríkì rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá gbọ́ oríkì rẹ̀ kò ní náwó. Béèsì tí ó bá tètè kú ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀, bí àgídìgbo ti ń ṣe. Ní Kọ́tà, níbi tí àwọn ènìyàn ti mọ adùn orin alámọ̀, tí wọ́n sì mọrírì ẹni bí Elémùré Ògúnyẹmí tí ń fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì kọrin, ọ̀rọ̀ ni orin. Ohun èlò tí kò bá jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ kò lè pẹ́ lójú agbo.

Àwọn àǹfààní kéékèèké mìíràn wà. Ó fúyẹ́, eré wa sì máa ń ti alẹ́ di òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá gbé igi gbagidi kọ́ èjìká fún wákàtí mẹ́jọ yóò lóye ohun tí à ń wí. Okùn rẹ̀ kò gùn, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbó lè kọ́ ọ. Bí iná kò bá sì sí, a ṣì lè gbọ́ ọ díẹ̀ nínú yàrá, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi lè dánra wò láìsí pé a tan jẹnẹrétọ̀.

Iye tí ó náni

Àbùkù rẹ̀ wà nínú ibi kan náà tí adùn rẹ̀ wà. Nítorí pé inú rẹ̀ ṣófo, ohùn tí ó ń ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde máa ń padà wá gbọn pákó ojú rẹ̀; pákó yóò gbọn okùn, okùn yóò tún gbé e fún ẹ̀rọ, yóò sì di igbe tí kò ṣeé dá dúró àfi kí a rẹ ohùn sílẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, tí ènìyàn orí ìtàgé ń ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, tí ẹ̀rọ sì ń ga bí ògiri, bẹ́ẹ̀ ni igbe yìí ń di ìṣòro. Àwọn tí wọ́n ní owó yí sí onínú gbagidi. Ojú ọjọ́ pẹ̀lú kò ṣe ojú rere sí i. Àtè ni wọ́n fi lẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rinrin òjò ń wú u, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, ojú ìlẹ̀pọ̀ a sì là.

Ṣùgbọ́n iye tí mo ní lọ́kàn ju ti àtúnṣe lọ. Béèsì oníná kì í dá wá. Ó ń fẹ́ áńpìlìfáyà, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá tí ó lè gba ohùn ìsàlẹ̀ láìya, ó ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti epo, ó ń fẹ́ ọkọ̀ tí yóò kó gbogbo rẹ̀ àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Alágídìgbo lè jẹ́ olówó àgídìgbo rẹ̀. Bí aáwọ̀ bá dé, yóò gbé àpótí rẹ̀ kọ́ ọrùn, yóò sì wá ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Oníbéèsì kò rí bẹ́ẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ ni ó ni gìtá, òun ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó sì ń gba owó tí a ná lé gbogbo wọn lórí, kí ó tó pín in bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá bínú jáde, ọwọ́ òfìfo ni yóò bá jáde. Lójú tèmi, ohun tí béèsì oníná yí padà nínú orin jùjú ní ti àjọṣe ọ̀gá àti ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀ ju ohun tí ó yí padà ní ti ohùn lọ.

Kì í ṣe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni àdéhùn owó ń dè. Olórí pẹ̀lú ní ọ̀gá. Ẹjọ́ tí ó wáyé láàárín Sunny Adé àti ilé iṣẹ́ African Songs ti Olóyè Bọ́lárìnwá Abíọ́rọ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970 fi hàn bí okùn àdéhùn ṣe lè le tó lọ́rùn eléré tí òkìkí rẹ̀ ti kàn.

Ní gúúsù Èkìtì, kòkó ni ó ń gbé gbogbo èyí ró. Lẹ́yìn ìkórè tí owó kòkó bá wọlé ni òkú àgbà ń rí ẹ̀yẹ, ìgbà náà ni ilé tuntun ń ṣí, ìgbà náà sì ni wọ́n ń ránṣẹ́ pe eléré láti Àkúrẹ́, Ìbàdàn tàbí Èkó. A lè sọ pé àgbẹ̀ Ìsẹ̀ tàbí ti Èmùré ti san nínú owó béèsì náà kí ó tó fojú rí i, nítorí pé owó tí ó lẹ̀ mọ́ eléré níwájú orí ni wọ́n fi ń san gbèsè ẹ̀rọ. Nígbà tí owó kòkó bá sì já, eré a dín, gbèsè kò ní dín.

Ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan wé nǹkan. Nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ₦2 ni wọ́n ń ṣẹ́ £1 kan. £30 tí McCartney san jẹ́ ₦60 nípa ìṣirò yìí. Lẹ́yìn àbájáde ìgbìmọ̀ Údòjì ní ọdún 1974, owó òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó kéré jù di ₦720 lọ́dún, èyí tí í ṣe ₦60 lóṣù. Mo mọ̀ pé ọdún tí ó wà láàárín iye méjèèjì kò jẹ́ kí ìfiwéra náà gún régé, nítorí pé ọjà ti gbówó lérí kí Údòjì tó dé. Síbẹ̀, ó fi hàn pé gìtá irú èyí kò jìnnà réré sí ọwọ́ tálákà nígbà náà. Náírà lágbára ju dọ́là lọ ní gbogbo ìgbà epo rọ̀bì yẹn, àwọn ẹgbẹ́ ńlá sì ń kó ẹ̀rọ wọlé bí ẹni ń kó iṣu.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1982 ni ìjọba Ààrẹ Ṣàgàrí fún ọjà òkèèrè lọ́rùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, lábẹ́ ètò SAP, wọ́n sọ náírà sí ọjà, láàárín ìgbà díẹ̀ iye rẹ̀ sì wálẹ̀ láti nǹkan bíi náírà kan sí dọ́là kan dé mẹ́rin. Okùn béèsì tí ó já kò ṣeé rà bọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan ń se ògbólógbòó okùn nínú omi gbígbóná kí ohùn rẹ̀ lè jí. Ní ọdún 2024, béèsì 500/1 tí wọ́n ṣe ní Jámánì gan-an ju €2,000 lọ, ìyẹn sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní ọdún kan náà jẹ́ ₦70,000. Ẹni tí ń gba iye yìí yóò ṣiṣẹ́ ju ogójì oṣù lọ láìjẹun kí ó tó rà á. Òótọ́ ni pé àwọn ará Ṣáínà ń ṣe irú rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré jìnnà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n gìtá tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti aláìlówó ti di ti olówó.

Ọ̀rọ̀ igi

Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń gbẹ́ inú igi. Ọlọ́wẹ̀, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjalè ní Ìsẹ̀ títí tí ó fi kú ní ọdún 1938, gbẹ́ àwo onídèérí kan tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà lónìí. Láàárín àwọn ère tí ó gbé àwo náà ró, orí ènìyàn kan wà tí ó ń yí gbirigbiri, tí kò sì ṣeé yọ jáde, nítorí pé inú igi kan náà ni ó ti gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe èyí, pákó béèsì kò lè ṣòro fún un.

Ọlọ́wẹ̀ kan náà ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì fẹ́ ẹ. Àga ìgúnwà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. A kò gbọdọ̀ fi ojú òmùgọ̀ wo Ògògà nínú ọ̀rọ̀ yìí: agbẹ́gilére rẹ̀ ṣì wà láàyè, ilẹ̀kùn mìíràn sì ṣeé gbẹ́. Pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ní ọgbọ́n nínú níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ tí ó ṣe ti àkọ́kọ́ kò tíì kú.

Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ti béèsì ni pé nígbà tí a gbà á, a jẹ́ kí ọwọ́ tí ń kan àgídìgbo tutù. Igi gẹdú ń ti igbó gúúsù Èkìtì jáde lórí ọkọ̀ ńláńlá, káfíńtà kò wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́, òòfà àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú ògbólógbòó ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe ń jù nù. Okùn nìkan ni ó kù tí a ní láti rà lókèèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Kọ́tà lónìí, béèsì onínú gbagidi láti Ṣáínà ni ó ń gbé orin ìyìn ró, ìjọ ni ó sì ni ín, bí olórí ẹgbẹ́ ti ni ti àtijọ́. Ọmọ tí ń ta á lọ́jọ́ Ìsinmi a fi í sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀rọ, a ti ilẹ̀kùn, a sì lọ sílé.